Ọgọ́ta Ọjọ́ Láì Fẹnu Kan Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́

Èmi Casilda kì í gba ìwọ̀sí lórí ọtí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ ní Molle Pampa, bí mo bá sì ti gbé àsíá funfun kọ́ sórí ọ̀pá níwájú ilé mi, tí í ṣe àmì pé ọtí ti dé ojú ẹ̀, kò sí ẹlẹ́sẹ̀ tí yóò kọjá tí kò ní yà. Ní àfonífojì wa yìí, ọtí la fi ń kí ara wa, òun la fi ń tu ara wa nínú, òun náà la fi ń ṣe ẹ̀rí. Ẹni tí a bá na ahá sí tó kọ̀ ọ́, á jẹ́ pé ó ti di ọmọ ìjọ àwọn tó ń pariwo nínú ṣọ́ọ̀ṣì onípáànù lẹ́bàá odò, tàbí kó jẹ́ pé ìjà ló ń wá. A kò mọ ìdí kẹta.

Nélida, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ló mú ìdí kẹta wọ ilé mi lọ́dún tó kọjá.

Nélida di ọmọ mi nígbà tí ìyá rẹ̀, Eulogia, ṣubú lulẹ̀ lẹ́nu ààrò búrẹ́dì tí kò sì dìde mọ́. Ẹni ọdún méjìlélógójì ni. Àìsàn Chagas ló pa á. Kò sí ẹni tí kò mọ àìsàn yìí níbí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Kòkòrò vinchuca, tó ń fara pamọ́ sínú sísán ògiri amọ̀, ló ń mú un wá. Ó máa ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá sùn, á sì yàgbẹ́ sí i lára. Inú ìgbẹ́ yẹn ni àrùn wà. Kì í pa ènìyàn lọ́jọ́ náà. Á jókòó sínú ara fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, á máa jẹ ọkàn bí ikán ṣe ń jẹ òpó ilé. Èyí tó burú jù ni pé aboyún lè fi ran ọmọ inú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọmọ inú yìí ló gbé Nélida dìde. Ó ti pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, ó ń rán síkẹ́ẹ̀tì onípele fún àwọn obìnrin ọjà, Limbert ọmọ Don Toribio sì ti sọ fún un pé òun máa fẹ́ ẹ. Ọjọ́ kejì tí Limbert sọ̀rọ̀ yẹn, Nélida wọ ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò. Kò bi mí léèrè. Ìwé tó mú bọ̀ sọ pé àrùn náà wà lára rẹ̀. Ó gbé ìwé ọ̀hún síwájú mi lórí tábìlì.

"Màmá tó bí mi ò mọ̀ pé àwọn ní i," ló wí. "Èmi ti mọ̀ ní tèmi. Mi ò ní gbé e fún ọmọ mi."

Oògùn tí wọ́n fún un ń jẹ́ benznidazol. Hóró funfun kékeré ni, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, fún ọgọ́ta ọjọ́ gbáko. Nọ́ọ̀sì Zulma, ọmọbìnrin kúkúrú kan tí kì í rẹ́rìn-ín, mú àwa méjèèjì jókòó, ó sì là á fún wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní ìwé. Kò gbọ́dọ̀ fo oògùn náà, bó bá sì gbàgbé ọ̀kan, kò gbọ́dọ̀ lo méjì pọ̀. Kò gbọ́dọ̀ lóyún títí oògùn á fi tán, nítorí náà wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ara lè máa yún un, ìyẹn kì í ṣe òpin ayé bó bá tètè wá fi hàn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ibà bá dé, bí ẹnu bá ń bó, bí ẹsẹ̀ bá ń kú tàbí tó ń ta á ṣóńṣó, kí ó dá oògùn dúró, kí ó sì wá lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n á máa gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Nígbà tó sọ gbogbo èyí tán ló wá wo ọwọ́ mi tí àgbàdo ti pa láró, ó ní ọtí kò gbọ́dọ̀ kan ẹnu ọmọ yìí rárá, pé tí òun àti oògùn bá pàdé nínú, èébì àti àyà jíjá ni.

Mo sọ fún un pé ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kì í ṣe ọtí, oúnjẹ ni.

"Doña Casilda," ló dá mi lóhùn, "bó bá jẹ́ oúnjẹ ni, kí ló dé tí àwọn tó wá jẹun nílé yín fi ń sùn sínú kòtò?"

Mo kúkú ní kí wọ́n fún èmi náà ní oògùn ọ̀hún, torí mo ti ní àrùn yẹn lára kí wọ́n tó bí nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀ nígbà náà. Ó ní ọkàn mi ti wú, hóró yẹn kò lè tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe, oògùn ọkàn ni dókítà máa fún mi. Ó dùn mí. N ò ní parọ́, ó dùn mí wọnú egungun. Nígbà tí a délé, mo bẹ Nélida pé kí ó fún mi ní ìdajì tirẹ̀, pé dókítà kì í ṣe Ọlọ́run. Ó wò mí lójú, ó ní rárá. Mo bi í bóyá èmi kọ́ ni mo fi ọbẹ̀ ẹ̀pà tọ́ ọ dàgbà.

"Ẹ̀yin ni, ìyá mi," ló wí. "Ṣùgbọ́n oògùn kì í ṣe ewé coca tí à ń há fún àlejò. Tí mo bá há a, kò ní wo ẹnì kankan sàn nínú wa."

Ọjọ́ méjì ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀. Orí kunkun ìyá rẹ̀ ló jogún, òun àti àrùn náà.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ara rẹ̀ sú láti ọrùn dé ikùn, ó pupa bí ata. Aládùúgbò wa kan ní kí ó fara dà á, pé àrùn ló ń sá jáde. Òmíràn ní kí ó da hóró ibi yẹn sódò. Èmi alára wà lẹ́yìn ti odò. Nélida kò gbọ́ ti ẹnikẹ́ni, ó wọ ọkọ̀. Dókítà yẹ ẹnu àti ojú rẹ̀ wò, ó wò ó bóyá ibà wà, ó gba ẹ̀jẹ̀, ó fún un ní oògùn ara yíyún, ó ní kí ó máa bá tọ̀hún lọ ṣùgbọ́n kí ó padà wá lọ́jọ́ kẹta kí òun tún wò ó. Kí ó tó pé ogún ọjọ́, èyí tó sú sí i lára ti gbẹ.

Ìgbà yẹn gan-an ni Don Toribio ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá tọrọ ìyàwó. Ọjọ́ Àìkú tó mú bọ́ sí ọjọ́ kẹtàlélógójì oògùn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ ìyàwó lọ́dọ̀ wa, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà wà. Bàbá ọkọ á da ọtí díẹ̀ sílẹ̀ fún Ilẹ̀ ìyá wa, á bu ahá kún, á nà án sí ọmọbìnrin. Kò sí ẹni tó ń bi í pé ṣé ó gbà. Bó bá mu ún dé ìdí, ó ti gbà nìyẹn. Bó bá gbé e sílẹ̀, ó ti kọ̀, kí wọ́n máa kó ẹrù wọn lọ. Kò sí àlàyé láàárín méjèèjì.

Nélida ní kí Limbert sọ fún bàbá rẹ̀ ṣáájú. Limbert wo bàtà rẹ̀. Ó mọ̀ nípa oògùn, kò sì fi Nélida ṣẹ̀sín rí, ṣùgbọ́n ó ń bẹ̀rù Don Toribio. Ọkọ̀ akẹ́rù méjì ni Don Toribio ní, ó ti wó ilé amọ̀ bàbá rẹ̀, ó fi bíríkì kọ́ tuntun, ó lẹ táìsì mọ́ ọn dé iwájú òde, láti ọjọ́ náà ló sì ti ń pe àdúgbò tiwa ní ilé vinchuca. Limbert ní ahá kan péré ni, ahá kan kò lè pa ènìyàn. Nélida bi í bóyá Limbert fúnra rẹ̀ ló máa bì èébì náà bó bá dé.

Èmi ni mo mú ọgbọ́n wá. Ọ̀dọ̀ ta ni Don Toribio ti máa ra ọtí ìtọrọ bí kò ṣe ọ̀dọ̀ mi? Èmi náà ni màá gbé ahá lé e lọ́wọ́. Kí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tó kan, omi àgbàdo dídùn lásán ni, ọmọ ọwọ́ ń mu ún. Màá tọ́jú omi dídùn yẹn sínú ìkòkò kékeré kan lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni màá ti bu ti Nélida. Àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Nélida ní òun ò fẹ́ràn irọ́, mo ní kì í ṣe irọ́, oge ni. Nítorí Limbert ló fi gbà.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ni mo bu omi yẹn sọ́tọ̀, torí iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi, ìkòkò tí ó sì wà nítòsí ni èyí tí mo ti fi ń pọntí láti ogún ọdún. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìkòkò amọ̀ tó ti gba ọtí fún ogún ọdún, bí o fọ̀ ọ́ títí ọwọ́ fi bó, ìwúkàrà ti wọ̀ ọ́ lára. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ ọtí pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oòrùn sì mú gan-an ní ọjọ́ méjèèjì yẹn.

Wọ́n dé ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú: Don Toribio, ìyàwó rẹ̀ Doña Hilaria tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ọkọ, Limbert, àti àbúrò Don Toribio méjì. A jẹun, a yin ara wa, a rẹ́rìn-ín. Don Toribio dìde, ó sọ̀rọ̀ gígùn nípa ilé rẹ̀, ó da ti Ilẹ̀ sílẹ̀. Mo bu ahá láti inú ìkòkò kékeré, mo gbé e lé e lọ́wọ́, ó nà án sí Nélida. Nélida fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó gbé e dé ẹnu.

Ó dúró níbẹ̀.

Ọmọ ilé ọlọ́tí ni. Imú rẹ̀ kì í tàn án. Èmi náà wá rí i láti ibi tí mo jókòó sí: ìfófòó kéékèèké tó to etí ahá yí po. Omi dídùn mi ti kan. Nélida gbójú sókè, ó wò mí. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn, ìtìjú ni kí n sọ ọ́, ṣùgbọ́n òótọ́ ni: mo fẹ́ kí ó mu ún. Mo ní nínú mi pé ahá kan ni, ẹni ẹlẹ́ni ti jókòó, ẹ jẹ́ ká bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sín. Mi ò sọ ọ́ lẹ́nu, mo kàn gbójú sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí á mọ ohun tí ìyẹn ń wí.

Nélida tẹ̀ba, ó gbé ahá náà sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Don Toribio. Kò dà nínú rẹ̀.

Don Toribio bi í bóyá ó kọ̀ nìyẹn.

"Mi ò kọ̀, bàbá," ló wí. "Ọmọ yín wù mí. Àìsàn Chagas ló wà lára mi, mo ń lo oògùn sí i, oògùn yẹn kò sì fẹ́ ọtí. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún ló kù. Ẹ padà wá nígbà tó bá tán, màá mu ún níwájú yín, màá sì da ahá dojú bolẹ̀ kí ẹ rí i."

Àwọn àbúrò Don Toribio wo ara wọn. Ọ̀kan rọra sún ìjókòó rẹ̀ kúrò lára ògiri mi, bí ẹni pé kòkòrò fẹ́ já bọ́ lé e lórí.

"Ilé bíríkì ni ilé mi," ni Don Toribio wí. "Vinchuca kì í wọ ibẹ̀, kò sì ní tara ìyàwó ilé wọ̀ ọ́. Ahá tí ènìyàn bá gbé sílẹ̀, a kì í tún un bù fún un."

"Ẹ má bù ú nígbà náà. Èmi á bu tèmi."

Wọ́n lọ. Limbert tẹ̀lé wọn. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà ni ahọ́n mi tó já, mo kígbe tẹ̀lé Don Toribio pé ṣé abẹ́ bíríkì ni wọ́n bí òun náà sí, pé èmi mọ ilé amọ̀ tí ìyá rẹ̀ ti fún un lọ́mú. Kò wẹ̀yìn. Nélida kó abọ́, ó fọ̀ wọ́n. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó jẹ ọ̀dùnkún díẹ̀, ó lo oògùn rẹ̀. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ìkòkò, mo sì tọrọ rẹ̀ nítorí ojú tí mo gbé sílẹ̀. Ti ìkòkò ló kọ́kọ́ forí jì mí. Ìkejì gba ọjọ́ mélòó kan.

Ẹnu ayé kò ṣeé dí. Kó tó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo Molle Pampa ti gbọ́. Àwọn oníbàárà kan ń gba ọ̀nà kejì kọjá kí wọ́n má bàa rí àsíá mi, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ilé amọ̀ bíi tiwa ni àwọn náà ń gbé. Obìnrin kan gba aṣọ tó gbé fún Nélida rán padà láì tíì parí. Inú bí mi débi pé mo ra aṣọ funfun tuntun, mo gbé àsíá tó tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ kọ́. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, nítorí náà a pe àwọn tó ń fín oògùn kòkòrò, wọ́n fín gbogbo ilé, èmi àti Nélida sì fi símẹ́ńtì dí gbogbo sísán ògiri lójú ọ̀sán, kí àwọn tó ń yọjú lè rí wa dáadáa.

Limbert kò wá. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Nélida á rán aṣọ, omijé á máa kán sórí aṣọ tó ń rán. Mo sọ fún un pé kí ó gbàgbé ọmọ tí kò ní egungun ẹ̀yìn. Ó ní òun ò ní gbàgbé ẹnikẹ́ni, òun ò sì ní fo oògùn kankan, méjèèjì ni òun máa ṣe pa pọ̀.

Ó lo ti ìkẹyìn. Nọ́ọ̀sì Zulma gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé ìwé àyẹ̀wò lè máa sọ pé àrùn wà fún ọdún púpọ̀ kó tó yí padà, kó má jáyà, kó ṣáà máa wá fún àyẹ̀wò. Pé ohun tó ṣe yìí kó tó lóyún ni ààbò tó dára jù fún ọmọ tó máa bí. Pé kó tún fi ọjọ́ díẹ̀ sí i kó tó fẹnu kan ọtí. Nélida fi ọjọ́ mẹ́wàá sí i. Ó fi ọjọ́ mẹ́wàá náà pọntí ara rẹ̀, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.

Ní ọjọ́ Àìkú, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ń tú, ó gbé ìkòkò sórí, ó ní kí n gbé ahá. A gba àárín ìta gbangba kọjá. Ẹ̀rù bà mí, ọkàn mi tó ti wú yìí ń lù kì kì kì, ṣùgbọ́n mo gbé orí mi sókè. Don Toribio wà ní iwájú òde rẹ̀ tó lẹ táìsì sí, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn àlejò. Ọ̀kan nínú àbúrò rẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé obìnrin ló wá ń tọrọ ọkọ báyìí.

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ ò ní wá mọ́," ni Nélida wí. "Ẹsẹ̀ mi ò sì dùn mí."

Don Toribio ní bó bá jẹ́ ẹ̀bẹ̀ ló bá wá, kí ó kúnlẹ̀. Nélida ní òun ò jẹ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀bẹ̀. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀, ó bu ahá kún, ó kọjá níwájú Don Toribio bí ẹni kọjá níwájú òpó, ó nà án sí Limbert.

Limbert gbà á. Ó ti rù. Ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó wo inú rẹ̀, gbogbo wa sì ń wò ó. Kò mu ún. Ó tẹ̀ba, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

Mo rí ojú Nélida. Mi ò fẹ́ rí irú ojú bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé mi.

"Ó ti kọ̀," ni Don Toribio wí. "Ẹ gbé ìkòkò yín."

"Mi ò kọ̀ ọ́, bàbá." Ohùn Limbert ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń jáde. "Mo lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ó wà lára èmi náà. Òní ló di ọjọ́ kẹrin oògùn mi. Mi ò lè fẹnu kan ọtí."

Don Toribio ní irọ́ ni, ilé bíríkì ni òun tọ́ ọ sí.

"Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́jọ kí ẹ tó ra bíríkì àkọ́kọ́," ni Limbert wí. "Gbogbo wa la jọ ń sùn sínú yàrá amọ̀ yẹn. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀."

Don Toribio jókòó. Kò sí ẹni tó ní kí ó jókòó. Nélida bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti bí oṣù méjì, omijé ń bọ́ nínú rẹ̀. Ó gbé ahá nílẹ̀, ó da díẹ̀ sílẹ̀ fún Ilẹ̀, ó mu ìyókù dé ìdí, ó sì dà á dojú bolẹ̀ níwájú gbogbo wọn. Ó wá mú ọmọrí, ó fi dé ìkòkò.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta ló kù fún ọ," ló sọ fún Limbert. "Lẹ́yìn oúnjẹ ni kí o máa lò ó. Tí ara bá ń yún ọ, wá bá mi, màá mú ọ lọ."

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Don Toribio, ó sì fi gbogbo ọ̀wọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Ó ní ọkọ̀ tó ń lọ sí ilé ìwòsàn máa ń gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ni wọ́n ń gbà, kò dunni ju títa èèrà lọ.

Don Toribio ń wo táìsì tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Doña Hilaria, tí kì í sọ̀rọ̀ níwájú ọkọ, ló bi Nélida pé ibo ni ọkọ̀ náà ti ń gbérò.